Ẹ Má Ṣe Yára Fọ Ohun tí Ilẹ̀ Fi Pamọ́

Ẹ̀yin olóyè wa, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn ìlú, ọ̀ràn tí mo mú wá síwájú yín kéré lójú, ṣùgbọ́n kò kéré ní ìdí. Ó kan ohun tí à ń ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ní wákàtí kìn-ín-ní tí ọkọ́ bá kàn án.

Ní ọjọ́ kan tí a ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé wa ní Dọ̀pẹmú, àwọn òṣìṣẹ́ hú ṣaworo idẹ kan jáde. Àwọ̀ ewé ti bò ó, erùpẹ̀ sì dì mọ́ ọn. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún àwọn tí ó ni ín nígbà tí mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn bó o títí ó fi ń kọ mànà. Mo gbé e lọ fi han ẹnì kan tí ó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò sì yìn mí. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó bi mí: Báwo ni ó ti jìn tó nínú ilẹ̀? Kí ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ òwú tàbí aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn kí o tó fọ̀ ọ́? N kò lè dáhùn ọ̀kan. Ṣaworo náà ń dán títí di òní, ṣùgbọ́n ó ti yadi.

Ìbéèrè kẹta nì kì í ṣe àwàdà. Oje bàbà tí ń ti ara idẹ jáde a máa pa àwọn kòkòrò tí í mú kí aṣọ àti igi jẹrà. Ní Igbo-Ukwu, ní ilẹ̀ Ìgbò, níbi tí Thurstan Shaw ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ ní 1959, a rí ègé aṣọ tí ara idẹ ti pa mọ́ fún nǹkan bí 1,000 ọdún. Ẹni tí ó bá fọ irú idẹ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ahunṣọ ni ó fọ̀ dànù.

Ẹlòmíràn yóò wí pé: ṣebí àwọn baba wa a máa bó idẹ ojúbọ bí ọdún bá dé? Òtítọ́ ni. Idẹ tí ó wà lọ́wọ́ alààyè, bíbó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní Tada, létí Odò Ọya, ère bàbà kan wà níbẹ̀ nígbà kan rí tí ó jókòó, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti Ifẹ̀. Nígbà náà, àwọn ará ibẹ̀ a máa gbé e lọ sódò ní ọjọ́ Jímọ̀, wọn a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí àwọn aya wọn lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Àdúrà ni fífọ̀ náà, n kò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n fífọ̀ náà ti jẹ ara ère náà. Ohun tí ó jẹ́rìí ọjọ́ orí rẹ̀ ni amọ̀ tí ó kù sínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dà á, èyí tí òkúta odò kò dé. Láti ara amọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ fi mọ̀ pé ó ti tó nǹkan bí 700 ọdún. Ẹni tí ó bá ń ha inú orí idẹ nítorí ìmọ́tótó, ọjọ́ orí rẹ̀ ni ó ń ha dànù.

Ní ìlú Òyìnbó, àwọn kan a máa gbé ẹ̀rọ tí í ké bí ó bá kan irin lábẹ́ ilẹ̀ kiri oko. Ní tiwa, ọkọ́ alágbàṣe ni ẹ̀rọ wa. Àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ni ó kan àwọn orí idẹ ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó tún kan ti Ìta Yemòó ní 1957. Nítorí náà, ìmọ̀ yìí gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mú ọkọ́ lọ́wọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kí ni kí a ṣe? Kí a dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Kí a kọ ibi tí a ti rí nǹkan náà àti bí ó ti jìn tó sínú ìwé. Kí a fi erùpẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀. Kí a má ṣe fi omi, ọsàn, eérú, òróró tàbí ọ̀dà kàn án. Bí ó bá jẹ́ irin tàbí idẹ, kí a fi bébà di í, kí a sì gbé e sínú àpótí gbígbẹ tí ó dé dáadáa, nítorí iyọ̀ inú ilẹ̀ àti ọ̀rinrin Èkó a máa jẹ irin títí yóò fi là. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igi tàbí awọ tí ó tutù, kí a jẹ́ kí ó tutù bẹ́ẹ̀, nítorí gbígbẹ òjijì ni í pa á. Lẹ́yìn èyí, kí a ránṣẹ́ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn. Òfin 1979 kò gbà kí a máa wa ilẹ̀ láti wá irú nǹkan wọ̀nyí láìgba ìwé àṣẹ. Ó sì ní kí ẹni tí ó bá ṣèèṣì rí wọn fi tó ìjọba létí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé a óò gbà á lọ́wọ́ àwọn, àwọn kì yóò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin olóyè pé kí ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí: kí ẹ bá ẹni tí ó rí i lọ, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ààfin. Nígbà tí ẹ bá sì ń fi ilẹ̀ han ẹni tí yóò kọ́lé, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kún àdéhùn rẹ̀.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ohun tí ó ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sùn nínú ilẹ̀ lè dúró de ọ̀la. Bí a bá tètè fọ̀ ọ́ lónìí, kò sí ẹni tí yóò lè dá ẹnu rẹ̀ padà fún un.