Ẹ Jẹ́ Kí Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Sọ Tẹnu Rẹ̀

Ó ti di àṣà láàárín àwa olùkọ́ àti àwọn lámèyítọ́ kan láti máa fi ojú tín-ín-rín wo ìwé ìtàn aláwòrán, pàápàá èyí tí a bá kọ láti inú eré orí tẹlifíṣọ̀n. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tún wá dá lórí ẹni tí kì í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn nínú eré náà, ẹ̀gàn rẹ̀ a di ìlọ́po méjì. Wọn a ní àjẹkù ni. Wọn a ní owó ni wọ́n fi ń wá. Èmi kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí. Ìwé tí n ó fi gbe èrò mi lẹ́sẹ̀ ni Spike: Asylum, tí Brian Lynch kọ, tí Franco Urru ya àwòrán rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ IDW ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2006.

Nítorí ẹni tí kò wo eré náà rí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí Spike ti wá. Eré Buffy the Vampire Slayer, tí Joss Whedon dá sílẹ̀, wà lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà láti 1997 títí di 2003. Buffy ni olú ẹ̀dá-ìtàn: ọ̀dọ́mọbìnrin tí a yàn láti máa gbógun ti àwọn òkú amùjẹ̀, èyíinì ni àwọn òkú tí ń jáde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn amùjẹ̀ wọ̀nyí ni Spike, tí James Marsters ṣe. Nígbà tí ó kọ́kọ́ yọjú ní 1997, ọ̀tá lásán ni. Àwọn tí ó gbé eré náà kalẹ̀ kò ní in lọ́kàn pé yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀, ó sì pẹ́. A wá gbọ́ pé akéwì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ewì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni ní London, kí ó tó di amùjẹ̀ ní 1880. A gbọ́ pé ó ti pa méjì nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí a yàn ṣáájú Buffy. Ní 2002, ó lọ gba ọkàn rẹ̀ padà, ohun tí ń jẹ́ kí ẹ̀dá mọ rere yàtọ̀ sí ibi. Ó kú ní ìparí eré náà ní 2003, ó sì tún fara hàn nínú eré kejì, Angel, tí ó parí ní 2004.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Orúkọ ẹlòmíràn ni ó wà lára eré méjèèjì. Ọ̀tá Buffy ni Spike, ó di olólùfẹ́ Buffy, ó tún di abánidíje Angel. Ìfẹ́ Buffy ni ó sún un lọ gba ọkàn. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí eré náà kò lè dáhùn tán: bí kò bá sí Buffy nítòsí láti rí i, ṣé Spike yóò ṣe rere?

Ìbéèrè yìí gan-an ni Asylum gbé dìde. Spike wọ ilé kan tí wọ́n ń pè ní Mosaic, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú iwin àti abàmì ẹ̀dá. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ruby ni ó ń wá. Àwọn tí ó bá níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì kórìíra rẹ̀ nítorí ohun tí ó ti ṣe sẹ́yìn. Ilé náà kì í ṣe ti Buffy, kì í ṣe ti Angel. Gbèsè tí Spike jẹ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san án. Ẹni tí ó bá ní èyí kò kún ìmọ̀ wa nípa ẹ̀dá-ìtàn náà, kí ó sọ ohun tí ìfìwàwẹ̀dá túmọ̀ sí fún un.

Àtakò kìíní ni pé owó ni wọ́n ń wá. Òǹtẹ̀wé wo ni ó ń tẹ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́? Mo gbà pé àwọn kan wà nínú ọ̀wọ́ ìwé yìí tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ kékeré gùn. Nínú eré kan ní 2000, Spike sọ pé Dracula jẹ òun ní gbèsè pọ́n-ùn 11. Ní 2006, Peter David kọ odidi ìwé Spike vs. Dracula lórí aáwọ̀ àwọn méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irú èyí pọ̀ jù, n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ sì wo ohun tí ó tẹ̀yìn Asylum yọ. Iṣẹ́ náà wú Whedon lórí. Ó ké sí Lynch kí wọ́n jọ gbé Angel: After the Fall kalẹ̀, ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007 láti ibi tí tẹlifíṣọ̀n ti fi Angel sílẹ̀. Ní 2014 ẹ̀wẹ̀, Marsters, tí ó ti gbé ìwà Spike wọ̀, ni ó fúnra rẹ̀ kọ Spike: Into the Light.

Àtakò kejì ni pé ọmọdé ni àwòrán wà fún. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ìṣẹ̀lẹ̀ ń sáré kọjá lójú wa. Nínú ìwé aláwòrán, òǹkàwé lè dúró, ó lè ṣí ewé padà. Àlàfo tí ó wà láàárín àwòrán kan àti èkejì, òun ni yóò fi ọgbọ́n orí rẹ̀ dí i. Ìwé kíkà ni èyí, kò rọrùn.

Àtakò kẹta ni pé bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ bá tó ẹni tí à ń kọ odidi ìwé lé lórí, òun ni ì bá ti jẹ́ olú. Ilé ni n ó ti mú ìdáhùn wá. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Akàrà-ògùn ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ni a ti gbọ́ díẹ̀ nípa bàbá rẹ̀. Ní 1949, D. O. Fágúnwà gbé Igbó Olódùmarè jáde, bàbá náà, Olówó-ayé, sì di ẹni tí ìtàn dá lé. Ta ni nínú wa tí ó pe Igbó Olódùmarè ní àjẹkù?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta bá wa jù. A ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ojú ewé méjì lórí olú ẹ̀dá-ìtàn. Nígbà tí ó bá kan amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, gbólóhùn kan ti tó: ‘Ó jẹ́ ọ̀rẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn.’ Akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí, ó lọ pọ̀ ọ́ sínú ìdánwò, kò sì mọ̀ pé ẹni náà ní inú tí ó fi ń rò. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ẹnìkan ni ó dé ni a ṣe ń kọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí wọ́n bá bi yín léèrè nípa amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni ó ń fẹ́ fún ara rẹ̀? Kí ni ó mọ̀ tí olú ẹ̀dá-ìtàn kò mọ̀? Kí ni yóò ṣe bí olú ẹ̀dá-ìtàn kò bá sí níbẹ̀? Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ẹ̀rí láti inú ìwé ti kúrò ní àkọ́sórí. Bí ìwé aláwòrán nípa òkú amùjẹ̀ kan ni ó kọ́ ọ ní ọgbọ́n yìí, kí olùkọ́ rẹ̀ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.