Kíkan Inú Àgbá àti Kíkan Inú Agbè

Ní àìpẹ́ yìí a lọ kí ọ̀rẹ́ wa kan ní Festac, ní ìhà Mazamaza, níbi tí ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà Badagry kì í ti í dákẹ́. Ọmọ rẹ̀ tí ó ti Bẹ́ljíọ̀mù dé gbé ìgò bíà kan kalẹ̀, ó ní inú àgbá igi ni ó ti sùn fún ọdún mẹ́ta. A tọ́ ọ wò. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, òórùn igi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó wà ní ìjókòó, olóyè méjì wà nínú wọn, mi orí, wọ́n ní ọtí ọlọ́gbọ́n ni. Láìpẹ́ ẹnìkan gbé agbè ẹmu àárọ̀ wọlé. Ọ̀sán ti pọ́n, ẹmu náà sì ti ń kan. Ọ̀kan nínú àwọn olóyè náà fi ife kan ètè, ó gbé e kalẹ̀, ó ní: “Èyí ti bàjẹ́. Ẹ wá èyí tí ó dùn fún wa.” Ìlú tí a kọ́ nítorí ayẹyẹ àṣà àwọn adúláwọ̀ ní 1977 ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àlejò ni wá níbẹ̀, nítorí náà a dákẹ́. Níhìn-ín, a kò ní dákẹ́.

Kí ni ó wà nínú ìgò náà? Lambic ni wọ́n ń pè é. Ọkà báálì àti àlìkámà ni wọ́n fi ń pọn ọ́ ní àgbègbè Brussels, wọn kì í sì í fi ọwọ́ da ìwúkàrà sí i. Ní òru ìgbà òtútù ni wọ́n ń da omi ọtí gbígbóná sínú agbada fífẹ̀ lábẹ́ àjà, wọn a ṣí fèrèsé, ohun tí ojú kò rí nínú afẹ́fẹ́ a sì bà lé e. Lẹ́yìn náà ó di inú àgbá igi, níbi tí ìwúkàrà àtijọ́ ti fara pamọ́, fún ọdún kan títí dé mẹ́ta. Ní ilé ìpọntí Cantillon, tí ó ti wà láti 1900, wọn kì í lé aláǹtakùn, nítorí òun ni ó ń jẹ àwọn kòkòrò tí èso ń fà wá. Bí ó bá ṣe pé orí ìkòkò ìyá oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan ni aláǹtakùn ta okùn sí ní ayé ìjọba òyìnbó, wolé-wolé ìbá ti da ọtí nù, ìbá sì ti gba owó ìtanràn pẹ̀lú.

Ẹ wo tiwa wàyí. Ẹni tí ń dá ẹmu kò da ìwúkàrà sínú agbè. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tí ó lẹ̀ mọ́ inú agbè, pẹ̀lú ohun tí afẹ́fẹ́ gbé wá, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Kí agbè tó sọ̀kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, ẹmu ti ń họ. Ìyá tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ a rẹ àgbàdo, a jẹ́ kí ó hù, a sá a, a lọ̀ ọ́, a sè é, a sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Bákan náà ni wọ́n ń fi ọkà bàbà ṣe búrúkùtù ní Òkè Ọya. Agbè ni àgbá tiwa. Àwa kò ní purọ́ nítorí ìfẹ́ ilẹ̀ wa: ẹmu kò lè dúró fún ọdún mẹ́ta, ọtí kíkan tí a fi ń se ọbẹ̀ ni yóò dà, sùúrù àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yin kíkan nínú ìgò, tí ó sì pè é ní ìbàjẹ́ nínú agbè, ahọ́n rẹ̀ kọ́ ni ó fi ń tọ́ ọ wò.

Gbogbo wa ni a ń ráhùn pé àwọn ẹlẹ́mu ń po omi àti ṣúgà mọ́ ẹmu. Ta ni ó kọ́ wọn? Àwa tí a ń rà á ni. A fẹ́ kí ẹmu dùn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bí ó ti dùn ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, Ọlọ́run kò sì dá ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbé ojúlówó wá ní ìrọ̀lẹ́ ń gbé e padà lọ sílé; ẹni tí ó po ṣúgà mọ́ ọn ni ó ń rí owó ilé-ìwé ọmọ san. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan yóò ní ọkà wa kò tó ohun tí a fi ń pọn bíà gidi. Ní 1988 ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó ọkà báálì wọlé, àwọn ilé ìpọntí ńlá sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Àwọn tí ń mu ún kò kúrò nídìí ìgò. Ní 2016 UNESCO kọ àṣà bíà Bẹ́ljíọ̀mù mọ́ ogún tí gbogbo ayé gbọdọ̀ tọ́jú. Àwọn tí wọ́n ni ín ni wọ́n kọ́kọ́ bu ọlá fún un.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin olóyè wa: níbi ìwúyè tí ń bọ̀, ẹ gbé agbè sórí tábìlì àwọn àgbà, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ àwọn onílù nìkan. Ẹ bèèrè wákàtí tí a dá a. Bí ó bá kan, ẹ san owó rẹ̀ pé.

Olóyè tí a wí yìí mọ ara rẹ̀. Agbè ọjọ́ náà kò ṣòfò: àwa àti awakọ̀ rẹ̀ ni a jọ mu ún tán ní ẹ̀yìn ilé.