Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí: Ta Ni Ó Ṣe Ìwádìí?

Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí láàárín wa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Àwọn àgbà a máa pa á nígbà tí ọ̀rọ̀ bá hàn gbangba tí ẹlẹ́ṣẹ̀ sì ń sẹ́. Òwe náà mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n abẹ kò mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nínú agboolé. Ọmọ kan ń ṣeré lánàá, kò sí mọ́ lónìí. Kí a tó sìnkú tán, ẹnì kan ti rántí pé ìyá àgbà kan tẹjú mọ́ ọmọ náà lọ́jọ́ ọjà. Ẹlòmíràn rántí pé ẹyẹ kan ké lórí òrùlé lóru. Ẹni kẹta kò rántí ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó mi orí. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìyá àgbà náà ti di àjẹ́. Àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, a lé e kúrò nínú ilé tí ó ti ń gbé láti ìgbà tí ó ti wọlé ọkọ. Nígbà mìíràn, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tí ó béèrè pé: kí ni ó ṣe ọmọ náà gan-an?

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, àwọn ìwé ìtàn kan ni a ó sì fi gbé e yẹ̀ wò. Ìtàn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni wọ́n, ìyẹn ọlọ́pàá tí ń tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn títí ọwọ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ará ilẹ̀ Málì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Moussa Konaté ni ó kọ wọ́n ní èdè Faransé. Ìlú Kita ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1951. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó fi ìwé kíkọ ṣe iṣẹ́. Ní ọdún 1997, ó dá ilé iṣẹ́ kan tí ń tẹ ìwé jáde sílẹ̀ ní Bamako. Ó kú ní ìlú Limoges, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 2013.

Ènìyàn méjì ni a máa ń bá pàdé nínú àwọn ìwé náà. Èkíní ni Habib, ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹni tí àwọn Faransé ń pè ní commissaire. Èkejì ni Sosso, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́. Ìwé kan ń tẹ̀lé èkejì, àwọn méjì yìí náà ni wọ́n sì ń wádìí. L'Assassin du Banconi jáde ní ọdún 1998. Àdúgbò àwọn tálákà ni Banconi jẹ́ ní Bamako. Meurtre à Tombouctou jáde ní ọdún 2014, lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé náà. Ìtàn tí ó ṣókùnkùn ni wọ́n. Ikú wà nínú wọn, ẹ̀rù wà nínú wọn. Nínú ọ̀kan lára wọn, ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ ni pé: iṣẹ́ ènìyàn kọ́ ni èyí.

Ẹ jẹ́ kí a mú méjì nínú wọn.

Nínú La Malédiction du lamantin, tí ó jáde ní ọdún 2009, ìjì ńlá kan jà, àrá sì sán. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, a bá olórí àwọn apẹja kan àti aya rẹ̀ ní òkú. Bozo ni à ń pe àwọn apẹja yìí, ẹ̀bá Odò Ọya sì ni wọ́n ń gbé. Odò Ọya yìí kan náà ni ó ń ṣàn kọjá ní Malanville, níbi tí ilẹ̀ Benin wa parí sí ní àríwá. Ikú náà kò rú àwọn Bozo lójú. Wọ́n ní Maa ni ó pa wọ́n. Maa ni ẹ̀mí omi tí ń dáàbò bò wọ́n. Lamantin ni, ẹran ńlá kan tí ń gbé inú odò. Wọ́n ní Maa bínú ni. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ parí.

Àwa tí a mọ Ṣàngó kò lè sọ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Bí àrá bá pa ènìyàn láàárín wa, ìbéèrè kì í pọ̀. A ó ní ẹni náà jalè, tàbí pé ó búra èké.

Kí ni Habib wá ṣe? Kò fi Maa ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pe àwọn apẹja ní òpè. Ó bu ọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ tiwọn tán, òun kò ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ bí ọlọ́pàá: ta ni ó rí àwọn olóògbé náà kẹ́yìn? Ta ni wọ́n jọ ń ṣe gbọ́nmisi-omi-ò-to? Ta ni ikú wọn ṣe láǹfààní?

Ìwé kejì ni L'Empreinte du renard, tí a lè pè ní Ipasẹ̀ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ọdún 2006 ni ó jáde. Ilẹ̀ àwọn Dogon ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní agbègbè òkè gàgàrà Bandiagara, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 1989. Àwọn Dogon ní awo tí ń fi ipasẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe àyẹ̀wò. Ní ìrọ̀lẹ́, awo yóò fa ìlà sórí iyanrìn, yóò ṣe àmì sí i, yóò sì fi ẹ̀pà sí i. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yóò wá jẹ ẹ̀pà náà lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, awo yóò wo ibi tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀, yóò sì ka ìdáhùn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí babaláwo tí ń tẹ Ifá sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà fara jọra.

Nínú ìwé yìí, àwọn ènìyàn ń kú ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, irú ikú náà kò sì yé ẹnikẹ́ni tí ó ti òde wá. Ohun tí ó yani lẹ́nu ju ikú lọ ni ìdákẹ́jẹ́. Ará ìlú kò sọ̀rọ̀. Àgbà kò sọ̀rọ̀. Habib àti Sosso ń béèrè, ilẹ̀kùn ń tì. A kò ní sọ bí ìtàn méjèèjì ṣe parí, nítorí ẹni tí ó bá sọ ìparí àlọ́ kí a tó pa á ti ba àlọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ wa ni a lè sọ.

Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ṣe ibi, inú rẹ̀ a máa dùn bí a bá ní ẹ̀mí àìrí ni ó ṣe é. Bí a bá di ẹ̀bi ru odò, ta ni yóò tún wo ọwọ́ ènìyàn? Bí a bá di ẹ̀bi ru ìyá arúgbó, ta ni yóò béèrè nípa ẹni tí ó ń du ilẹ̀ pẹ̀lú olóògbé? Ẹ̀rù a máa di ẹnu àwọn tí ó rí nǹkan. Abẹ́ ẹ̀rù náà ni ọ̀daràn ti ń sinmi. Nítorí náà, ẹni tí ó yára dárúkọ àjẹ́ lè máa ran apànìyàn lọ́wọ́ láìmọ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé: ṣé ẹ fẹ́ sọ pé kò sí ohun tí ojú kò rí ni? Rárá, a kò sọ bẹ́ẹ̀. Moussa Konaté pàápàá kò kọ ìwé rẹ̀ láti fi àwọn baba ńlá ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ohun tí a ń sọ kò jù báyìí lọ: ìyà tí a ó fi jẹ ènìyàn ní ayé tí a ń fojú rí, ẹ̀rí tí a lè fojú rí ni a gbọ́dọ̀ fi gbé e kalẹ̀. Àlá kò tó. Ẹyẹ tí ó ké lóru kò tó. Ojú tí àgbà fi wo ọmọ lọ́jà kò tó.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ti òkèèrè wá. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọdẹ tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ lórí koríko kì í kàn yin ìbọn sínú igbó. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò wo ipasẹ̀, yóò mọ ẹran tí ó kọjá kí ó tó na ìbọn. Babaláwo pẹ̀lú a máa mú ìbò lọ́wọ́ láti tún bi Ifá léèrè lẹ́yìn tí odù bá ti yọ. Bí awo bá ń bi Ifá léèrè lẹ́ẹ̀mejì, kí ni ó dé tí àwa kò fi lè bi ara wa léèrè lẹ́ẹ̀kan péré?

Ní èdè Yorùbá pàápàá, a ti ní irú ìtàn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ báyìí ṣáájú ti Konaté. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969, ó sì kọ Àgbàlagbà Akàn ní ọdún 1971. Lápàdé, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ni ó ń dọdẹ àwọn ọ̀daràn nínú wọn. Ẹni tí ó bá lè ka ojú ìwé yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka Lápàdé díẹ̀díẹ̀, ojú ìwé kan lóòjọ́. Yóò gbádùn rẹ̀, yóò sì kọ́ bí a ti ń so ọ̀rọ̀ kan mọ́ èkejì kí a tó dájọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, ohun kan wà ní ọwọ́ yín tí ó ṣe pàtàkì ju ìtàn lọ. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà ṣì wà lára àwọn àrùn tí ó ń pa ọmọdé jù lọ ní ilẹ̀ wa. Ó lè mú ọmọ lánàá, kí ó sì pa á lónìí, láìsí pé ẹnikẹ́ni wò ó lójú burúkú. Bí a bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, a máa ń kọ nǹkan sínú ìwé ìlera rẹ̀: ọjọ́ tí ó wá, bí ara rẹ̀ ti gbóná tó, oògùn tí a fún un. Láyé àtijọ́, ìwé náà dákẹ́ lójú yín. Lónìí, ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ Faransé inú rẹ̀ lè le, ṣùgbọ́n ẹ lè ka ọjọ́ àti iye, ẹ sì lè mú un tọ ẹni tí yóò túmọ̀ ìyókù fún yín.

Nítorí náà, bí ikú òjijì bá wọ agboolé, a bẹ̀ yín, kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a béèrè nǹkan mẹ́rin. Ìgbà wo ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀? Kí ni olóògbé jẹ, kí ni ó mu, oògùn wo ni ó sì lò? Kí ni a kọ sínú ìwé ìlera rẹ̀? Ẹni tí ń fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn, kí ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ni ó kàn gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i, nítorí ohun tí a kọ lónìí kò ní yí padà lọ́la bí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń yí. Bí ìdáhùn bá fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e tọ ọlọ́pàá lọ. Ìyẹn ni iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ wa láti lé arúgbó kúrò nílé lóru.

Ikú ọmọ dunni, ìbànújẹ́ a sì máa wá ẹni tí yóò dì mú. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pa ìyá arúgbó láyé dà nítorí ọmọ tí ibà pa, ẹni méjì ni a pàdánù, ẹ̀fọn sì wà nínú ilé síbẹ̀.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ó dára, a ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú wa dìde kí ó sì béèrè pé: ta ni ó gbọ́ igbe náà, kí ni ó sì ń ṣe ọmọ láti ìjẹta?