Kí oníbáàgì òwú tó dá iye lé ọjà rẹ̀, kó kọ́kọ́ ka wákàtí tó fi hun ún

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé báyìí, àwọn tó ń fi òwú hun báàgì nílẹ̀ Yorùbá mọ irú ìpè tó máa ń wọlé láti ìlú òyìnbó. Àbúrò ẹni tó wà ní London ni, tàbí ọmọ ìjọ kan tó ti kó lọ sí Manchester. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi hun báàgì mẹ́wàá. Òtútù ti ń dé, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rí èyí tí mo gbé, wọ́n ní àwọn náà fẹ́." Inú àǹtí á dùn. Kò ní béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á, kò ní ka iye wákàtí tí báàgì kan ń gbà, á dá iye kan lójú ẹsẹ̀ lórí fóònù, á sì sáré lọ ra òwú. Nígbà tí báàgì mẹ́wàá náà bá fi máa pé, oṣù kọkànlá ti fẹ́ẹ̀ parí, àwọn tó fẹ́ ẹ ti ra òmíràn. Àǹtí á wá jókòó, ọrùn á máa dùn ún, ẹ̀yìn á máa dùn ún, kò sì ní rí èrè kan pàtó tọ́ka sí.

Àìmọṣẹ́ kọ́ ló fa èyí, nítorí ọwọ́ àwọn tó ń hun kúróṣè lóde òní dá múṣémúṣé. Àìrí oníbàárà náà kọ́. Ibi méjì ni igbá ọ̀hún ti ń jò: àsìkò tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, àti iye tí wọ́n ń dá lé wákàtí ẹni tó ṣe é. Oníṣòwò kékeré tó bá dí ihò méjèèjì, báàgì òwú lè bọ́ ọ. Èyí tí kò bá dí i, àánú ló ń ṣe fún oníbàárà, kì í ṣe òwò.

Ìgbà ìwọ́wé làwọn kan ń pe àsìkò tí à ń sọ yìí, ìyẹn láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá, tí ewé igi ń pọ́n, tó ń pupa, tó sì ń wọ́ sílẹ̀ kí òtútù gidi tó dé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà náà ni ilé ìwé ń wọlé, táwọn òṣìṣẹ́ ti dé láti ìsinmi, tí wọ́n sì ti kó báàgì koríko tí wọ́n gbé lọ sétí òkun pamọ́. Báàgì àgbékọ́ èjìká tó nípọn, tó ṣeé kó ìwé, agbòjò àti súwẹ́tà sí ni wọ́n ń wá. Àwọ̀ tí ojú wọn ń wá náà máa ń yí padà, á di àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ iyeyè tó pọ́n àti àwọ̀ pupa tó jinlẹ̀. Ẹni tó mọ aṣọ òkè kò ní wá àwọ̀ wọ̀nyí lọ sọ́nà jíjìn. Sányán ní àwọ̀ ilẹ̀, àlàárì pupa bí osùn, ẹtù sì gba aró títí tó fi dúdú. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá fi àwọ̀ mẹ́ta yìí ṣe báàgì ìgbà ìwọ́wé rẹ̀ ní ìtàn láti sọ fún oníbàárà, ìtàn tó jẹ́ ti ilé baba rẹ̀.

Òfin náà ń ti ọjà yìí lẹ́yìn. Láti oṣù kẹwàá 2015 làwọn ilé ìtajà ńlá ní England ti ń gba pẹ́ẹ̀nì 5 lórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2021, ó di pẹ́ẹ̀nì 10, ó sì kan gbogbo ìsọ̀, àti ńlá àti kékeré. Wales ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 2011. Kéèyàn gbé báàgì tirẹ̀ dání lọ sọ́jà ti di àṣà níbẹ̀. Nílé níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù kìn-ín-ní 2024 pé àwọn fòfin de ike fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, wọ́n sì ní kí òfin bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ike àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù láti ọjọ́ 1, oṣù keje 2025. Ibi tí ọ̀rá bá ti ń kúrò, nǹkan kan ní láti rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí oníbáàgì má ṣe rò pé orúkọ òwú nìkan ti tó láti fi polówó. Ìwádìí kan tí àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní England gbé jáde ní 2011 sọ pé èèyàn ní láti lo báàgì òwú kan tó ìgbà 131 kó tó lè sàn fún ojú ọjọ́ ju ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òwú ń mu omi lóko, ó ń jẹ ajílẹ̀, ó sì ń gba oògùn kòkòrò. Ohun tí èyí ń sọ fún oníṣòwò ni pé pípẹ́ báàgì gan-an ni ọjà tó ń tà. Báàgì tó bá já lóṣù kẹta kò ṣe ayé lóore, kò sì ṣe orúkọ ẹni tó hun ún lóore.

Bí yóò ṣe pẹ́ kì í ṣe awo. Òwú gidi kò dà bíi wúùlù irun àgùntàn tó ń fà tó sì ń padà. Bí òwú bá ti fà, ó fà nìyẹn. Ìdí rèé tí báàgì tó rẹwà lórí tábìlì fi ń gùn dé orúnkún lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó agolo mílíìkì sínú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń lo abẹ́rẹ́ ìkọ́ tó kéré díẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sára bébà òwú, kí ìhun lè dì. Ojú kúkúrú ni wọ́n ń fi hun okùn èjìká, wọ́n á tún fa ìlà òwú mìíràn gba etí rẹ̀ kó má baà gùn. Wọ́n sì ń rán aṣọ sínú, nítorí aṣọ inú yẹn ló yẹ kó gbé ẹrù. Ìlú tí òjò ti ń rọ̀ wíníwíní ni báàgì náà ń lọ, òwú sì ń fa omi mu, kì í tètè gbẹ. Aṣọ tí omi kì í yára wọ̀ ló dára fún inú rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ báàgì kankan, wọ́n á hun àpẹẹrẹ kékeré kan, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun, wọ́n á tún un wọ̀n. Bó bá sún kì tàbí tí aró rẹ̀ bá ṣí, ó sàn kó jẹ́ inú ilé ni wọ́n ti mọ̀ ju ara kóòtù oníbàárà lọ.

Ní ti kókó àti ebè tó wà lára báàgì ọ̀hún, àwọn ló ń tà á, àwọn náà ló ń jẹ owó rẹ̀. Kókó kan ṣoṣo lè gba ojú márùn-ún tí wọ́n fà pọ̀ sójú kan kí wọ́n tó pa á dé, nítorí náà òwú tó ń bá ibẹ̀ lọ pọ̀ ju ti ibi pẹrẹsẹ lọ, àkókò náà sì pọ̀. Ìhun alápẹ̀rẹ̀, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ara apẹ̀rẹ̀, kì í fi òwú ṣeré bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò sọ tẹnu rẹ̀. Ká ní báàgì kan tó ní kókó níwájú àti lẹ́yìn gba ìdì òwú 8, tí ìdì kan jẹ́ gíráàmù 50, tí wọ́n rà á ní ₦2,500. Owó òwú jẹ́ ₦20,000. Ká ní aṣọ inú àti síìpù jẹ́ ₦3,000, àpapọ̀ rẹ̀ ₦23,000. Àǹtí lo wákàtí 14 lórí rẹ̀, ó wá tà á ní ₦28,000, inú rẹ̀ dùn pé òun jèrè ₦5,000. Pín ₦5,000 sí wákàtí 14, kò pé ₦360 fún wákàtí kan. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá fi ọjọ́ 22 ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́ fún owó yẹn ń gba nǹkan bí ₦398 fún wákàtí kan. A jẹ́ pé ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ń gbà kéré sí ẹni tí òfin ní kò gbọdọ̀ gbà kéré sí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì yọ owó iná, owó ọkọ̀ ọjà àti báàgì tó bàjẹ́.

Bó bá dá ₦1,200 lé wákàtí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ di ₦16,800. Fi ₦23,000 kún un, ó di ₦39,800. Fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e fún inawo tí ojú kì í tètè rí, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦44,000. Èyí làwọn kan máa gbọ́ tí wọ́n á ní oníbàárà á sá lọ. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀, nítorí ẹni tí kò rí báàgì tà kò ní fi ìṣirò jẹun. Ṣùgbọ́n kí oníṣòwò tó gé owó ara rẹ̀, iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ gé. Kó fi kókó sí iwájú nìkan, kó fi ojú kúkúrú lásán hun ẹ̀yìn. Ọwọ́ oníbàárà kì í kúrò níwájú báàgì. Ẹ̀yìn, ìhà rẹ̀ ló ń fara tì. Ká ní òwú di ìdì 7, wákàtí di 11. Òwú jẹ́ ₦17,500, aṣọ inú àti síìpù ₦3,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦13,200. Pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó di nǹkan bí ₦37,000. Báàgì náà wálẹ̀ ní ₦7,000, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tó jáde lára wákàtí àǹtí.

Ohun mìíràn wà tó yẹ kó fún oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́kàn le. Ẹ̀rọ ti ń hun súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kúróṣè gidi tó wà lọ́jà, ọwọ́ ló ṣe é. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, irú ìhun mìíràn tó kàn jọ ọ́ ni. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá sọ pé òun rí irú báàgì kúróṣè bẹ́ẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú nílé ìtajà, ẹnì kan níbì kan ló fi ọwọ́ hun ún, owó tí wọ́n sì fún ẹni náà kéré. Kò sí ọgbọ́n nínú kí àǹtí máa bá ìyẹn díje ní ẹ̀dínwó. Ibi tó ti lè borí ni pé kó hun ún kó dì, kó gba àtúnṣe okùn bó bá já, kó sì fi àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́ ṣe é fún un.

Ó wá ku ti àsìkò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Báàgì tí yóò bá wà lójú ọjà ní London ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó yẹ kó ti kúrò nílé kí oṣù keje tó parí. Òwú rẹ̀ yẹ kó ti wà nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún, kí wọ́n sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí nọ́ńbà aró wà lára bébà ìdì kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, pupa òní lè má bá pupa àná mu lára báàgì kan náà. Oṣù kẹfà àti oṣù keje tí òjò ń dá èèyàn jókòó sílé, ìgbà iṣẹ́ ìjókòó nìyẹn. Báàgì mẹ́wàá tó ń gba wákàtí 11 jẹ́ wákàtí 110. Ẹni tó bá ń fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ lójúmọ́, tó sì ń sinmi lọ́jọ́ ìsinmi, yóò parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án kò lè fi sísáré dí àlàfo yẹn. Ojú ìhun tó rọ̀ ni ìsáré ń bí.

Ọ̀rọ̀ fífi ránṣẹ́ náà ní tirẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ "ẹ̀bùn" sára ẹrù tí wọ́n ti gbowó rẹ̀, kí owó-orí ọjà tó jẹ́ ìdá 20 nínú 100 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì má baà kàn án. Irọ́ ni, aṣọ́bodè sì lè dá ẹrù ọ̀hún dúró títí ewé yóò fi wọ́ tán. Ó sàn kí wọ́n ka owó-orí àti owó ìfiránṣẹ́ mọ́ iye báàgì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún mọ iye tó máa san. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di òwò gidi, kó forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kó sì lọ gba ìwé lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tó ń rí sí títa ọjà Nàìjíríà sókè òkun.

Kò sí èyí tó gba owó ńlá nínú gbogbo rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kan, bírò kan àti aago tó wà lára ògiri ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Báàgì tó wà lọ́wọ́ lónìí, kí ẹni tó ń hun ún kọ ìgbà tó jókòó tì í àti ìgbà tó dìde, títí yóò fi parí. Ọ̀pọ̀ ni yóò ya lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ìpè bá tún wọlé láti London ní oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀, àǹtí kò ní máa méfò lórí fóònù mọ́. Ó kàn máa sọ pé: "Ó ti wà nílẹ̀, àbúrò mi. Iye rẹ̀ rèé."