Ọmọ Mọ Ọwọ́ í Wẹ̀, Omi Dà?

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ í wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Òwe yìí gbà pé omi ti wà nínú igbá. Ibẹ̀ gan-an ni ètò ìlera ilé ẹ̀kọ́ ti mẹ́hẹ ní Nàìjíríà.

Ní ọdún 2006 ni Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà rẹ̀ jáde, tí wọ́n ka ẹ̀kọ́ ìlera, ìtọ́jú, oúnjẹ, àyíká tí ó mọ́ àti àjọṣe pẹ̀lú àwọn òbí mọ́ iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ìwé náà dára. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ibi, èyí tí ó rọrùn jù ni a dì mú: olùkọ́ a yẹ èékánná wò bí wolé-wolé ayé àtijọ́, ẹni tí tirẹ̀ dọ̀tí a sì jẹgba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kànga nínú ọgbà, ṣáláńgá sì ti wó. Ọmọ tí ó lo òògùn aràn lónìí ni yóò tún lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ nínú igbó ẹ̀yìn kíláàsì láìwọ bàtà. Aràn a sì padà. Ọmọbìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù a jókòó sílé.

Ìyá kì í fi ẹnu lásán kọ́ ọmọ ní ìmọ́tótó. Orín, kàn-ìn-kàn-ìn àti omi ìwẹ̀ ni ó ń gbé ka iwájú rẹ̀. Ojúṣe yìí ni ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ fi sílẹ̀ fún olùkọ́ tí kò ní ju ẹgba lọ lọ́wọ́.