Ọmọ-ogun Ara Gbọ́dọ̀ Dá Onílé Mọ̀



Púpọ̀ nínú wa ni ó gbà pé bí ọmọ-ogun ara bá ṣe gbóná tó ni ìlera yóò ṣe pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí kò dá onílé mọ̀ yàtọ̀ sí olè, ilé tí a ní kí ó ṣọ́ ni yóò fọ́.

Ní ọrùn, ní abíyá àti níbi tí itan ti so mọ́ ikùn ni Ẹlẹ́dàá kó àwọn kókó kéékèèké sí, tí wọ́n máa ń wú bí egbò tàbí ọ̀nà-ọ̀fun bá ń dunni. Ibùdó ọmọ-ogun ni wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn lára eku pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé kókó wọ̀nyí ró bí òpó kì í ṣe òpó lásán. Wọ́n ń fi èròjà tí ó jẹ́ ti ìfun han àwọn ọmọ-ogun tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T. Èyí tí ó bá gbéjà ko èròjà náà, a mú un kúrò.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì T onílàjà tún wà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pa iná ìjà. Shimon Sakaguchi ará Jàpáànù ṣàlàyé wọn ní ọdún 1995. Ní 2001, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ṣe àwárí àbùdá FOXP3, tí wọ́n wá mọ̀ pé òun ni ó ń darí wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2025.

Bí ètò yìí bá dàrú, ọmọ-ogun lè pa sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè ínsúlínì run. Èyí ni ìtọ̀ ṣúgà tí ó sábà máa ń mú ọmọdé. Bí ọmọ yín bá ń mu omi láìdákẹ́, tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ó sì ń rù, ẹ má ṣe sọ pé ayé ni. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe torí àgbo dá ínsúlínì rẹ̀ dúró, nítorí ikú ni ó lè yọrí sí. Bí Ramadan bá sì ń bọ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú ààwẹ̀; Ọlọ́hun ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn.

Kí Ọlọ́hun tí ó fi òṣùwọ̀n sí ohun gbogbo fi àlàáfíà jíǹkí ilé wa. Àmín.