Ta Ni Yóò Máa Yẹ Irin Gẹ́rẹ́gu Wò?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Nàìjíríà àti Rosatom, ilé-iṣẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà, fọwọ́ sí àdéhùn lórí kíkọ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá núkílíà. Gẹ́rẹ́gu ní ìpínlẹ̀ Kogí àti Ìtú ní Akwa Ibom ni ìjọba ti dárúkọ fún un. Ará Ìdímù, ní Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, tó ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ sùn, tó ń gbọ́ ọ jí, kò ní bá wọn jà bí iná bá dé. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó tún tọwọ́ bọ ìwé mìíràn, ó yẹ kó dáhùn ìbéèrè kan: ọmọ Nàìjíríà wo ni yóò mọ̀ bí irin inú ẹ̀rọ náà bá ń bàjẹ́ látinú?

Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe àlejò sí irú ìbéèrè yìí. Ní Bàrúwà, ní Ìpájà, epo jò láti ara páìpù abẹ́ ilẹ̀, ó sì ba omi kànga àwọn ará àdúgbò jẹ́.

Ti ìkòkò irin tó gba iná núkílíà mọ́ra tún le ju ti páìpù lọ, nítorí kò ṣeé pààrọ̀ bí ẹ̀yà yòókù. 40 sí 60 ọdún ni wọ́n ń retí kó lò. Ní gbogbo àkókò yẹn, núútírọ́ọ̀nù ń rọ́ lù ú, ó ń ti átọ́ọ̀mù kúrò ní ipò wọn. Ihò kéékèèké á kù sílẹ̀, wọ́n á kó jọ, ìwọ̀nba bàbà tó wà nínú irin náà á sì ṣù pọ̀. Irin tó máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá di èyí tó lè sán bí omi tútù bá ṣàdédé ya lù ú nígbà ìjàǹbá.

Ojú kò lè rí ihò tí kò ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Pósítírọ́ọ̀nù, tí Carl Anderson ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1932, lè rí i. Ó wúwo bákan náà pẹ̀lú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, iná ara wọn ló takora. Bí wọ́n bá pàdé, àwọn méjèèjì á pòórá, ìtànṣán gámà á sì jáde. Bí sodium-22 bá ti tú pósítírọ́ọ̀nù sínú irin, ìtànṣán kan á kọ́kọ́ yọ tí aago á fi bẹ̀rẹ̀. Ìtànṣán ìpòórá ló ń dá aago náà dúró, a ó sì mọ bí pósítírọ́ọ̀nù ṣe pẹ́ tó.

Ẹni tó gba àárín ọjà Ìkọ̀tún kọjá nírọ̀lẹ́ kò ní pẹ́ kó tó kọlu èèyàn. Ẹni tó yà sí kọ̀rọ̀ tó ṣófo á pẹ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pósítírọ́ọ̀nù ṣe ń pẹ́ nínú ihò, níbi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò pọ̀. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí tírílíọ̀nù kan, nǹkan bí 110 ló ń lò nínú irin tí kò lábùkù. Níbi tí átọ́ọ̀mù kan ti kúrò, ó ń tó 175. Níbi tí ihò ti kó jọ, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó mú kí ìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì ni pé irin náà ṣeé wò sàn. Wọ́n ti mú ìkòkò irin gbóná gan-an kí àbùkù inú rẹ̀ lè dín kù, ní Loviisa ní Finland ní 1996, àti ní Metsamor ní Armenia ní 2021. Ní Bratislava ní Slovakia, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Vladimír Slugeň àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi pósítírọ́ọ̀nù yẹ irin irú ẹ̀rọ Rọ́ṣíà wò. Slovakia kò tó ìlú Èkó lénìyàn, ọwọ́ àlejò ló sì ti gba ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ kò fi mímọ àbùkù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe é.

Nàìjíríà náà lè bẹ̀rẹ̀. Zaria ti ní ẹ̀rọ ìwádìí núkílíà kékeré kan láti 2004, kìlówáàtì 31 péré ni agbára rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Ifẹ̀ ló tilẹ̀ yá jù. Ẹ̀rọ Pelletron, tó ń ta prótọ́ọ̀nù ní eré burúkú, wà ní CERD, ibùdó ìwádìí agbára ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, prótọ́ọ̀nù sì lè dá ihò sínú irin bí núútírọ́ọ̀nù ti ń ṣe. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀. Irin tó ti inú ẹ̀rọ núkílíà jáde máa ń ní cobalt-60, tí ìtànṣán rẹ̀ ń da aago pósítírọ́ọ̀nù rú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi irin tí wọ́n fi prótọ́ọ̀nù lù ní Ifẹ̀ kọ́ṣẹ́ kò ní kọ́kọ́ bá ìyọnu yẹn jà.

Orí tábìlì kan tó fún gbogbo irinṣẹ́ ìdíwọ̀n pósítírọ́ọ̀nù. Kí ìjọba ra á fún Ifẹ̀ nísinsìnyí, kó sì kọ ọ́ sínú àdéhùn tó ń bọ̀ pé ègé irin àyẹ̀wò tí wọ́n bá yọ nínú ẹ̀rọ Gẹ́rẹ́gu, Nàìjíríà ni wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́wọ́ àwọn tí Nàìjíríà kọ́.